Ìwé Ìgbéyàwó àti Ẹ̀rí Onítàn: Àyẹ̀wò Káúńtì Watauga ní Ilẹ̀ Òkè North Carolina

1.0 ÌFÁÀRÀ

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ipò tí ìwé ìgbéyàwó wà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí lọ́wọ́ onítàn. Àpẹẹrẹ tí a mú ni káúńtì Watauga, tí ó wà láàrin àwọn òkè Blue Ridge ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ North Carolina, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Káúńtì ni wọ́n ń pe ẹ̀ka ìṣàkóso tí ó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀. Ó fi díẹ̀ jọ ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, àfi pé ìwé ẹjọ́, ìwé ilẹ̀, ìwé ogún àti ìwé ìgbéyàwó ni a sábà máa ń kó pọ̀ sí ilé ẹjọ́ tí ó wà ní olú-ìlú káúńtì. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí iná bá jó ilé kan ṣoṣo, ó lè jó ìtàn ìran mẹ́ta.

Ìbéèrè tí ó bí bébà yìí kò lọ́jú pọ̀. Bí a bá wá ìwé ìgbéyàwó tọkọtaya kan tí ó gbé ní ilẹ̀ òkè yìí ní nǹkan bí ọdún 1850, tí a kò sì rí i, kí ni ó yẹ kí a sọ? Ó rọrùn láti sọ pé wọn kò gbé ara wọn níyàwó, pé ńṣe ni wọ́n kàn ń bá ara wọn gbé. Irú ìdáhùn yìí bá èrò tí àwọn ará ìlú ńlá ti ní nípa àwọn ará òkè mu. Ní ọdún 1873, Will Wallace Harney kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn Lippincott's, nínú èyí tí ó ti pe ilẹ̀ òkè gúúsù Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ àjèjì, tí ó sì pe àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ní ènìyàn ọ̀tọ̀. Ní 1899, William Goodell Frost, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Berea, kọ tirẹ̀ sínú Atlantic Monthly. Ó fi àwọn ará òkè wé àwọn baba ńlá tí ó ṣì wà láàyè, bí ẹni pé ayé ti lọ tí ó fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò wọ́n kò ní pẹ́ gbà pé àìrí ìwé jẹ́ ẹ̀rí àìsí ìgbéyàwó.

Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìwé ìgbéyàwó kì í ṣe àwòrán ìgbéyàwó. Ohun tí àwọn aláṣẹ fẹ́ mọ̀ ní àkókò kan pàtó ni ìwé náà ń fi hàn wá. Nítorí náà, kí onítàn tó sọ pé kò sí ìgbéyàwó láàrin àwọn méjì kan, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dáhùn. Èkíní, ṣé òfin ìgbà náà ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀? Èkejì, ṣé òfin gbà kí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ gbé ara wọn níyàwó rárá? Ẹ̀kẹta, ṣé ilé tí a kó ìwé náà sí ṣì dúró? A ó mú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á kọ́kọ́ sọ díẹ̀ nípa ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀.

2.0 ILẸ̀ WATAUGA ÀTI ÌPÍNLẸ̀ RẸ̀

Ọdún 1849 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin North Carolina dá káúńtì Watauga sílẹ̀. Ara káúńtì mẹ́rin ni wọ́n ti gé ilẹ̀ fún un, èyí ni Ashe, Caldwell, Wilkes àti Yancey. Ìlú Boone ni olú-ìlú rẹ̀, ìlú náà sì ga ju ẹgbẹ̀rún mítà kan lọ sókè ojú òkun. Nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 1860, iye ènìyàn tí ó wà ní gbogbo káúńtì náà kò tó 5,000, àwọn ẹrú tí ó wà láàrin wọn sì lé díẹ̀ ní 100. Àgbẹ̀ àti ọlọ́sìn ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Àfonífojì ni wọ́n ń gbé, òkè sì pààlà láàrin àfonífojì kan àti èkejì. Ọkọ̀ ojú irin kò dé Boone títí ọ̀rúndún ogún fi wọlé.

Ohun méjì ni ó yẹ kí á fi sọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí. Èkíní ni ìrìn. Ẹni tí ó fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìgbéyàwó ní láti fi ẹsẹ̀ tàbí ẹṣin gun òkè, kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ó tó dé ilé ẹjọ́, kí ó sì tún padà. Bí yìnyín bá bọ́ ní ìgbà òtútù, ọ̀nà lè dí. Èkejì ni pé ààlà kò dúró sójú kan. Wọ́n gé Ashe kúrò lára Wilkes ní 1799. Wọ́n gé Watauga kúrò lára Ashe àti àwọn mẹ́ta yòókù ní 1849. Ní 1911 ẹ̀wẹ̀, wọ́n gé apá kan Watauga mọ́ ti Mitchell àti Caldwell láti fi dá Avery sílẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àbíkẹ́yìn láàrin ọgọ́rùn-ún káúńtì North Carolina. Nípa báyìí, ó ṣeé ṣe kí ìdílé kan má ṣí kúrò lórí oko rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ kí ìwé ìgbéyàwó bàbá wà ní káúńtì kan, ti ọmọ ní òmíràn, ti ọmọ-ọmọ ní ẹ̀kẹta. Yàtọ̀ sí èyí, Watauga bá káúńtì Johnson pààlà, ìpínlẹ̀ Tennessee sì ni Johnson wà. Ẹni tí ilé rẹ̀ súnmọ́ ààlà lè sọdá lọ gbéyàwó lábẹ́ òfin mìíràn. Onítàn tí ó bá wọ ilé ẹjọ́ kan ṣoṣo, tí kò bá ohun tí ó ń wá níbẹ̀, tí ó sì padà sílé láti kọ ìdájọ́ rẹ̀, kò tíì wá nǹkan kan.

3.0 ÌBÉÈRÈ KÍNÍ: ṢÉ ÒFIN NÍ KÍ A KỌ Ọ́?

Òfin tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ ètò ìgbéyàwó ní North Carolina ni èyí tí wọ́n ṣe ní 1741, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà méjì ni òfin náà là sílẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni ìkéde nínú ìjọ, èyí tí àwọn ìjọ tiwa náà mọ̀ dáadáa, tí a ó ké orúkọ àwọn méjèèjì jáde ní ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta kí ẹni tí ó bá mọ ìdènà lè sọ̀rọ̀. Ọ̀nà kejì ni ìwé àṣẹ láti ọwọ́ akọ̀wé kóòtù káúńtì tí obìnrin ń gbé. Ẹ kíyè sí i pé káúńtì obìnrin ni òfin dárúkọ. Ọkọ ni ó ń rìn.

Kí akọ̀wé tó fún ọkọ ní ìwé àṣẹ, ọkọ náà ní láti fọwọ́ sí ìwé onídùúró, èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́ǹdì. Yóò mú onídùúró kan wá, tí ó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí bàbá ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n jọ máa fọwọ́ sí i pé bí a bá wá rí ìdènà tí òfin mọ̀ sí ìgbéyàwó náà, àwọn jẹ gbèsè iye owó kan. Pọ́n-ùn 50 ni lábẹ́ òfin 1741. Nígbà tí Amẹ́ríkà gba òmìnira tán, ó di pọ́n-ùn 500. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni san owó yìí ní ọjọ́ náà. Ìlérí ni. Bí kò bá sí ìdènà, bọ́ǹdì náà di òfìfo, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí akọ̀wé.

Bọ́ǹdì yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìwé ìgbéyàwó lónìí nígbà tí wọ́n bá ń wá ìtàn ìdílé wọn. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sọ fún wa pé ìgbéyàwó wáyé. Ohun tí ó sọ ni pé ọkùnrin kan ní in lọ́kàn láti gbéyàwó, àti pé ẹnì kan dúró fún un. Ọjọ́ tí ó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó. Òfin kò ní kí a kọ orúkọ àwọn òbí sínú rẹ̀. Ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀ wà lọ́wọ́ àlùfáà tàbí adájọ́ àdúgbò tí ó so wọ́n pọ̀, kò sì sí òfin tí ó ní kí ó dá a padà sí kóòtù títí di 1851. Ọdún yẹn ni òfin tó pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá so ènìyàn pọ̀ dá ìwé àṣẹ padà pẹ̀lú ẹ̀rí pé ìgbéyàwó ti wáyé, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Nígbà náà, ọdún méjì péré ni Watauga tíì lò lẹ́yìn ìdásílẹ̀ rẹ̀.

Ní ti àwọn tí ó gba ọ̀nà ìkéde, wọn kò ní bọ́ǹdì kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé wọn lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù. Ọ̀nà yìí kò ní ìrìn àjò dé ilé ẹjọ́ nínú, kò sì ní owó ìwé àṣẹ nínú. Ó bójú mu nígbà náà láti rò pé ẹni tí kò lówó, tí ó sì jìnnà sí olú-ìlú káúńtì, ni ọ̀nà yìí yóò wù jù. Òfin tí ó sọ ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti so ènìyàn pọ̀ tún yí padà lẹ́ẹ̀mejì. Ní àkọ́kọ́, àlùfáà Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti adájọ́ àdúgbò nìkan ni. Ní 1766 wọ́n gba àwọn àlùfáà Presbitéríà láyè, ní 1778 wọ́n sì gba ti gbogbo ìjọ láyè. Àwọn Onítẹ̀bọmi àti àwọn Mẹ́tọ́díìsì ni ó gbilẹ̀ jù ní ilẹ̀ òkè, ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníwàásù wọn sì ń rìn láti àfonífojì dé àfonífojì. Bí irú oníwàásù bẹ́ẹ̀ bá kọ nǹkan sílẹ̀ rárá, inú ìwé tirẹ̀ ni ó ń kọ ọ́ sí.

Ìdáhùn sí ìbéèrè kìíní, nígbà náà, ni pé ṣáájú 1851, kò sí òfin kankan tí ó ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní káúńtì pé ìgbéyàwó wáyé. Àwọn tí a kò rí ìwé wọn lè ti ṣe gbogbo ohun tí òfin sọ láìkù síbì kan.

4.0 ÌBÉÈRÈ KEJÌ: ṢÉ ÒFIN GBÀ KÍ WỌ́N GBÉYÀWÓ?

Ó kù àwọn tí òfin kò gbà fún rárá. Lójú òfin North Carolina, ìgbéyàwó jẹ́ àdéhùn, ẹrú kò sì lè ṣe àdéhùn. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìwé òfin lásán. Ní 1836, nínú ẹjọ́ State v. Samuel, Kóòtù Gíga Jù Lọ ti ìpínlẹ̀ náà gbà pé a lè mú obìnrin kan tí ó jẹ́ ẹrú wá láti jẹ́rìí lòdì sí ọkùnrin ẹrú tí ó ń pè ní ọkọ. Ìyàwó tí òfin mọ̀ kì í jẹ́rìí lòdì sí ọkọ rẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n kóòtù ní òun kò rí ìyàwó níbẹ̀. Ní 1858, nínú ẹjọ́ Howard v. Howard, kóòtù kan náà gbà pé àwọn ọmọ tí a bí nínú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ tí òfin mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ogún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òbí wọn ti di òmìnira lẹ́yìn náà. Olówó ẹrú lè gbà kí wọ́n ṣe ayẹyẹ. Àlùfáà lè gbàdúrà. Ọmọ lè pọ̀. Síbẹ̀ bí olówó ẹrú bá ta ọ̀kan nínú wọn sí ibi jíjìn, kò sí kóòtù tí wọ́n lè kígbe dé.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1865, ọ̀ràn yìí di ohun tí ìjọba kò lè fi ojú fò. Ní oṣù kẹta ọdún 1866, ìgbìmọ̀ aṣòfin North Carolina ṣe òfin kan pé gbogbo àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú, tí wọ́n sì ń gbé pọ̀ bí ọkọ àti aya, ti di tọkọtaya lójú òfin, láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pọ̀. Òfin náà ní kí wọ́n lọ sí iwájú akọ̀wé kóòtù tàbí adájọ́ àdúgbò, kí wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn ń gbé pọ̀, kí wọ́n sì sọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò san sẹ́ǹtì 25. Ẹni tí kò bá lọ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ti rú òfin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú.

A rí i pé irú àkọsílẹ̀ yìí yàtọ̀ pátápátá sí bọ́ǹdì àti ìwé àṣẹ. Ìwé àṣẹ ń wo iwájú, nítorí pé ìgbéyàwó tí ó ń bọ̀ ni ó ń sọ nípa rẹ̀. Àkọsílẹ̀ 1866 ń wo ẹ̀yìn. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan dúró níwájú akọ̀wé, wọ́n sì sọ iye ọdún tí wọ́n ti fi jẹ́ ọkọ àti aya nígbà tí òfin ń sọ pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọdún tí kóòtù 1836 àti ti 1858 kò fẹ́ rí ni wọ́n mú kí akọ̀wé kóòtù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀. Herbert Gutman lo irú àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí nínú ìwé rẹ̀, The Black Family in Slavery and Freedom, tí ó jáde ní 1976, láti fi tako àwọn tí ó ń sọ pé oko ẹrú ti pa ìdílé aláwọ̀ dúdú run.

Síbẹ̀, kò yẹ kí á yin àkọsílẹ̀ yìí kọjá bí ó ṣe yẹ. Àwọn tí wọ́n ń gbé pọ̀ ní 1866 nìkan ni ó ń béèrè. Ìyàwó tí a tà lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn ní 1850 kò sí nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ tí ó kú ṣáájú òmìnira kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ìjìyà sì wà nínú ohun tí ó mú kí àwọn ènìyàn lọ, kì í ṣe ayọ̀ nìkan. Ní pàtàkì, òfin náà fúnra rẹ̀ ti kà wọ́n sí tọkọtaya nítorí pé wọ́n jọ ń gbé pọ̀. Àkọsílẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí ohun tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá rí orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ pé òfin 1866 kò kàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Watauga náà, bí iye àwọn ẹrú ibẹ̀ tilẹ̀ kéré. Ní Boone títí di òní ni àdúgbò Junaluska wà, ọ̀kan lára àwọn àdúgbò aláwọ̀ dúdú tí ó pẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ òkè North Carolina. Ìdí tí ó fi yẹ kí á sọ èyí ni pé ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ti kọ nípa àwọn ará òkè bí ẹni pé aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n. John Inscoe, nínú Mountain Masters tí ó jáde ní 1989, ti fi hàn pé oko ẹrú wà ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, ó sì ní agbára níbẹ̀. Bí onítàn bá fi bọ́ǹdì nìkan ka iye ìgbéyàwó ilẹ̀ òkè ṣáájú 1865, ohun tí ó ń ṣe ni pé ó tún ń fọwọ́ sí ìdájọ́ State v. Samuel, láìmọ̀.

5.0 ÌBÉÈRÈ KẸTA: ṢÉ ILÉ ÌWÉ ṢÌ DÚRÓ?

Ìtàn ìwé Watauga jẹ́ ìtàn iná. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1865, àwọn ẹlẹ́ṣin ogun Àríwá lábẹ́ ọ̀gágun George Stoneman wọ Boone, wọ́n jà níbẹ̀, wọ́n sì dáná sun ọgbà ẹ̀wọ̀n káúńtì náà. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní 1873, iná jó ilé ẹjọ́ Boone, ọ̀pọ̀ ìwé kóòtù sì bá a lọ. Àwọn ọdún tí iná yìí kàn ni ọdún mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́ káúńtì náà, èyí tí ogun abẹ́lé àti òfin 1866 wà nínú rẹ̀.

Omi náà kò ṣàánú ilẹ̀ òkè. Àkúnya oṣù kẹjọ ọdún 1940 ba ojú irin tí ó lọ sí Boone jẹ́ débi pé wọn kò tún un ṣe mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjì Helene dà omi bo ọ̀pọ̀ ìlú ní ìwọ̀-oòrùn North Carolina, Boone sì wà lára àwọn tí ó fara gbá. Ànfààní tí ìran òde òní ní ni pé ẹ̀dà ìwé kì í sí níbì kan ṣoṣo mọ́. Ilé ìkówèé-ìtàn-pamọ́ ti ìpínlẹ̀, ní Raleigh, ní ọ̀pọ̀ ìwé àwọn káúńtì lórí máíkírófíìmù, àti pé láti 1962 ni ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ ti ń gba ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó láti gbogbo káúńtì. Ohun tí ó jóná ní 1873 kò ní irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀.

6.0 ÌWÉ LẸ́YÌN 1868

Ní 1868, ètò bọ́ǹdì dópin, iṣẹ́ fífúnni ní ìwé àṣẹ sì kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù. Ó bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ káúńtì, tí wọ́n ń pè ní Register of Deeds, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Ìwé ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò nígbà náà kún ju ti àtijọ́ lọ. Orúkọ, ọjọ́ orí, ibùgbé, orúkọ bàbá àti ìyá, bóyá wọ́n wà láàyè tàbí wọ́n ti kú, orúkọ ẹni tí ó so wọ́n pọ̀ àti orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, gbogbo rẹ̀ ni ó ní ààyè tirẹ̀. Fún ẹni tí a bí ní oko ẹrú, ààyè orúkọ òbí yìí lè jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí a ti kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sínú ìwé ìjọba gẹ́gẹ́ bí ìyá.

Ṣùgbọ́n ìwé yìí náà ní ohun tí ó ń ṣọ́. Àwọ̀ ara wà lára ohun tí ó ń béèrè. Òfin 1741 ti bu owó ìtanràn lé aláwọ̀ funfun tí ó bá gbé aláwọ̀ dúdú tàbí ọmọ onílẹ̀ níyàwó. Àpérò tí ó tún òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ ṣe ní 1875 sì fi kún un pé ìgbéyàwó láàrin aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú di èèwọ̀ títí láé. Títí láé náà dópin ní 1967, nígbà tí Kóòtù Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Loving v. Virginia. Nítorí náà, bí a kò bá rí irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ nínú ìwé káúńtì ṣáájú ọdún náà, kì í ṣe pé irú wọn kò sí. Òfin ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Lónìí, ètò náà ti rọrùn. Ìwé àṣẹ tí a gbà ní káúńtì èyíkéyìí ní North Carolina ṣeé lò ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà láàrin 60 ọjọ́; ẹlẹ́rìí méjì ni a ń fẹ́, ẹni tí ó so wọ́n pọ̀ sì ní láti dá ìwé padà láàrin ọjọ́ 10. Láti 2014 ni ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì ti lè gbà á. Ní 2021, wọ́n gbé ọjọ́ orí tí ó kéré jù láti 14 sí 16. Ohun tí ó ń jẹ aláṣẹ lọ́kàn kò dúró sójú kan. Ní 1741, owó ìdúró àti ìjọ ni. Ní 1875, àwọ̀ ara. Ní 2021, ọjọ́ orí ọmọdé. Ẹni tí ó bá ka ààyè inú ìwé náà láti ọdún dé ọdún yóò mọ ohun tí ìjọba ń bẹ̀rù ju ohun tí tọkọtaya ń fẹ́ lọ.

7.0 OHUN TÍ Ó LÈ DÍPÒ ÌWÉ TÍ Ó SỌNÙ

Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ìbéèrè tí ó kàn ni ohun tí onítàn yóò lò nígbà tí ìwé ìgbéyàwó kò bá sí.

Àkọ́kọ́ ni ìwé àwọn opó ológun. Ní ilẹ̀ òkè yìí, ọkùnrin kan lè jà fún Gúúsù kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọdá sí Tennessee láti jà fún Àríwá. Opó ẹni tí ó jà fún Àríwá lè béèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ó ní láti fi hàn pé òun jẹ́ ìyàwó rẹ̀. Bí ilé ẹjọ́ bá ti jóná, ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ni ìwé ìbúra àlùfáà, tàbí ti àwọn tí ó wà níbi ìgbéyàwó, tàbí ojú ewé tí a fà ya nínú Bíbélì ìdílé, níbi tí a kọ ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí. Irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú àwọn fáìlì ìjọba ní Washington. Fún àwọn opó ológun aláwọ̀ dúdú tí a kò lè béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn, òfin oṣù keje ọdún 1864 gbà kí àwọn ẹlẹ́rìí tí ó ṣeé gbọ́kànlé búra pé ojú ọkọ àti aya ni àwọn méjèèjì fi ń wo ara wọn. Ẹ wo bí ó ti rí: ohun tí kóòtù ìpínlẹ̀ kọ̀ ní 1836 ni ìjọba àpapọ̀ gbà ní ẹ̀rí ní 1864.

Èkejì ni ìwé ilẹ̀. Nígbà tí ọkọ bá ń ta ilẹ̀, òfin ní kí a yẹ ìyàwó wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti mọ̀ bóyá ó fọwọ́ sí i láìsí ipá. Nítorí náà orúkọ rẹ̀ máa ń hàn níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aya. Ẹ̀kẹta ni ètò ìkànìyàn. Ti 1850 ni ó kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú. Ti 1870 ni ó kọ́kọ́ kọ ti gbogbo àwọn tí ó ti di òmìnira. Ti 1880 sọ bí oníkálukú ṣe tan mọ́ olórí ilé. Ti 1900 sì béèrè iye ọdún tí tọkọtaya ti fi wà pọ̀. Ẹni tí ó bá sọ ní 1900 pé ó ti di ọdún 45 ti fún wa ní ọjọ́ kan tí iná 1873 kò lè jó.

Ẹ̀kẹrin ni ẹnu àwọn àgbà, ìwé ìpàdé ìjọ àti òkúta ojú oórì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní àléébù. Ẹni tí ó ń béèrè owó lè tún ọjọ́ ṣe. Akọ̀wé ìkànìyàn lè gbọ́ orúkọ ní ìdàkudà. A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Ṣùgbọ́n bí Bíbélì, ìwé ilẹ̀ àti ìkànìyàn bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ̀rí wọn lágbára ju bọ́ǹdì kan ṣoṣo lọ, nítorí pé bọ́ǹdì kò sọ ju èrò ọkàn ọkùnrin kan ní ọjọ́ kan lọ.

8.0 ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àìrí ìwé ìgbéyàwó ní Watauga ní ìdí mẹ́ta tí kò kan ìwà àwọn ará òkè rárá: òfin kò béèrè rẹ̀, tàbí òfin kọ̀ ọ́, tàbí iná jó o. Àwọn tí ó wo àpótí òfìfo, tí wọ́n sì rí ìṣekúṣe nínú rẹ̀, àìní akọ̀wé ni wọ́n rí. A sì ti fi hàn pé ìwé tí ó wà pàápàá ní olówó tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ fún.

Àbá wa fún àwọn tí yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí ni pé kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti inú àpótí ìwé. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá ibi tí obìnrin náà ń gbé, kí wọ́n mọ káúńtì tí ibẹ̀ wà ní ọdún náà, kí wọ́n mọ òfin tí ó wà lórí rẹ̀ àti lórí ọkọ rẹ̀ ní ọdún náà, lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tó béèrè ìwé. Bí a bá gba ọ̀nà yìí, àwọn tí akọ̀wé gbàgbé kò ní di ẹni tí onítàn gbàgbé pẹ̀lú. Ọkùnrin àti obìnrin tí ó san sẹ́ǹtì 25 ní 1866 láti sọ pé ogún ọdún ni àwọn ti jọ wà kò bẹ akọ̀wé pé kí ó sọ àwọn di tọkọtaya. Wọ́n ti wà bẹ́ẹ̀ kí ó tó mú kálàmù rẹ̀.